Máníjà Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Òṣìṣẹ́ Rẹ̀

Bí mo bá gbóòórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, Ìjẹ̀bú-Igbó ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà nígbà náà. Wọ́n ní kí n lọ wo bí àṣà ilé ṣe ń bá èèyàn dé ibi iṣẹ́. Mo bá wọkọ̀ lọ sí sọ́míìlì kan ní Jápárà, ládùúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Mo jókòó ti pákó, mo ń wòye.

Máníjà ibẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Bàbá tó ń darí ayùn ńlá sì ni bàbá ìyàwó rẹ̀. Bí bàbá bá ti wọlé báyìí, máníjà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀fun igi, á dìde, á gbọn ṣòkòtò, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

Ṣùgbọ́n bàbá kì í tètè dé, ayùn kò sì lè dún láìsí i. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù náà ń pẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí kò lè bá àna rẹ̀ wí kò gbọdọ̀ bá àwọn wí. Ẹni tó ni sọ́míìlì wá kìlọ̀ fún máníjà pé bí nǹkan kò bá yí padà, kó lọ wáṣẹ́ mìíràn.

Mo bi í pé ṣé kò ní kọ kúẹ́rì fún bàbá ni. Ó wò mí bí ẹni tó bú ọba.

"Ọwọ́ tí mo fi gba ọmọ wọn náà ni kí n fi kọ kúẹ́rì fún wọn? Ìwé tí ẹ̀ ń kà ní Àgọ́ yẹn, ẹ rọra kà á o."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó gbé kúlà ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ sè, ó lọ dọ̀bálẹ̀ lójúde bàbá. Ó ní òun wá kí wọn, òun á sì bá wọn gbé àpò dé ibi iṣẹ́. Bàbá ní kó máa lọ. Máníjà ní òun kò jẹ́ ṣíwájú àgbà, ó dúró. Ta ni yóò fi ọkọ ọmọ rẹ̀ sí ìnàró kí ará àdúgbò máa wò ó? Bàbá sáré wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni máníjà ń ṣe láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó débẹ̀, wọ́n ní bàbá ti lọ. Ó gbé kúlà rẹ̀ wá sí sọ́míìlì, ó bá bàbá nídìí ayùn, ó tún nà gbalaja.

Bàbá ní, "Dìde, àna mi. Mo ti gbọ́ kíkí. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan ni kó o máa fi ránṣẹ́."

Ó tan ayùn. Láti ìta la ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn yòókù, eré ni wọ́n ń sá bọ̀.