Ẹja Ìkórè Ìyá Àgbà

Òórùn ẹja yíyan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú mi tó rí ilé kankan nínú ìlú àwọn Ìjọ̀ yẹn. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi mú gírígírí, nítorí ọmọ Ìkọ̀yà nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mí, oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni mo mọ̀. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé: “Ọma mi, wéè mọ ùwẹ̀ o.” Lóòótọ́ mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kò séwu. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà yẹn l'Ókìtìpupa, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú mi, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ló fà á tí mo fi wọ ọkọ̀ náà. Kíláàsì kan náà la wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ti ń ronú orúkọ tá a máa sọ àwọn ọmọ wa. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ti là á yé mi pé bí ìyá àgbà bá fi lè ní àwọn ò fẹ́ mi, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tá a fi lọ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí mi.

Ìyá àgbà ò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ Ìjọ̀. Bá a ṣe dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ilẹ̀ tí mo nà sí, wọ́n sì lọ bu oúnjẹ wá. Nínú ọkàn mi, mo ti yege.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rẹ́bìnrin mi lọ fọṣọ létí omi, ó fi èmi àti ìyá àgbà sílẹ̀ nílé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja àrọ̀. Èéfín bò mí, omi ń dà lójú mi, mo ń wúkọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó pa, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ Ìkálẹ̀ ò láyà. Ni ìyá àgbà bá nawọ́ kọjá lórí ẹja sí ọ̀nà ìta, wọ́n ní, “Mu! Mu!”

Inú mi dùn. Mo mú èyí tó tóbi jù, mo tún dọ̀bálẹ̀ sínú eérú láti dúpẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lójú wọn kí wọ́n lè rí i pé mo mọ oore. Wọ́n tún pariwo, “Mu!” Mo ní, irú ìyá olóore wo rèé? Mo mú ìkejì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi bá wa.

“Kí lò ń jẹ yẹn?”

“Ìyá ní kí n mú un.”

“Wọ́n ní kó o máa lọ síta ni! ‘Máa lọ’ ni ‘mu’ lédè wa. Èéfín ló fẹ́ pa ẹ́. Ẹja ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀la lo sì ń jẹ yẹn!”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ẹja kejì lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i wò bóyá eyín mi ti débẹ̀, wọ́n dá a padà sórí iná, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń gbé ìkórè lọ síwájú, mi ò lè gbójú sókè. Mo ti gbà pé ẹja ti gba ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́ mi. Nígbà tá a ń lọ, ìyá àgbà sìn wá dé etí omi, wọ́n bá ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n ń fi ẹnu júwe mi. Àárín omi ló tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

“Wọ́n ní nígbà tí àwọn èèyàn ẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ mi, kí wọ́n gbé ẹja àrọ̀ kan dání. Ti Olúwa lo jẹ.”

Mo pariwo ayọ̀ débi tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ fi bi wá bóyá nǹkan bù mí jẹ.

Bàbá mi gbé ẹja náà lọ lóòótọ́. Ìyá àgbà ti kú báyìí. Nígbà tí mo fi máa gbọ́ èdè wọn débi tí a lè jọ tàkúrọ̀sọ, wọn ò sí mọ́, ó sì máa ń dùn mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bi wọ́n ni bí wọ́n ṣe bínú sí mi tó lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ní wọn ò bínú rárá, pé inú yàrá ni wọ́n lọ rẹ́rìn-ín sí.