Ìdajì Ìwé Ìròyìn Tó Fẹ́ẹ̀ Lé Wa Kúrò ní Kumasi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní àdúgbò Aboabo ní Kumasi, ẹ̀pà yíyan ni ìyá àgbà mi ń tà ní ọjà Kejetia, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá la sì fi ń dì í fún oníbàárà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá di ẹ̀pà fún, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Èmi tí mò ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ni mò ń ya ìwé náà sí méjì, ṣùgbọ́n kí n tó ya á, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan sí Yorùbá fún ìyá àgbà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lọkùnrin yìí ń kọ èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú sínú ìwé ìròyìn náà. A ò rí i sójú rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ dá a lẹ́nu! "Ọkọ mi" ni ìyá àgbà ń pè é.

Lọ́dún tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà, ọkàn àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Gánà ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ti lé ìyá àgbà kúrò ní Gánà rí kí wọ́n tó bí mi. Ó lo ọdún díẹ̀ ní Ìlọrin kó tó padà wá. Lọ́jọ́ kan, mo ti fi ìdajì ìsàlẹ̀ di ẹ̀pà fún oníbàárà kí n tó rántí ọkùnrin wa. Òkè nìkan ló kù, mo sì kà á: "Ẹ wo àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń dé tẹrùtẹrù. Ta ló lé wọn? Ṣé àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ ló ń tajà ní Kejetia? Kí la ṣì ń dúró dè?" Ibẹ̀ ló ti ya.

Kò sọ pé kí wọ́n lé wa o. Ó kàn ń bèèrè ni, ìbéèrè náà sì ń wọni lára ju àṣẹ lọ.

"Wallahi, mi ò ní dúró kí ọlọ́pàá tún wá kan ilẹ̀kùn mi," ni ìyá àgbà wí.

Ó rán mi sí káfíńtà ní Anloga Junction, kó bá wa kan àpótí ẹrù méjì. Mo sunkún débẹ̀. Mi ò mọ Ìlọrin; Kumasi ni gbogbo ọ̀rẹ́ mi wà.

Ará Asante ni káfíńtà náà, oníbàárà wa sì ni. Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo rí ìdajì ìwé mi lára ògiri, òróró ẹ̀pà ti rin ín. Ó ti fi ìṣó kàn án síbẹ̀. Mo ka ìyókù: "Ìbéèrè tí àwọn kan ń bi mí nìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Tí a bá lé aládùúgbò wa tán, ta la máa ké sí lọ́jọ́ tí ilé wa bá ń jó?" Àṣé ohun tó ń bà wá lẹ́rù ló ń ba òun náà lẹ́rù!

Mo sọ ìdí tí a fi fẹ́ àpótí fún káfíńtà. Ó yọ ìṣó náà, ó mú ìwé náà dání, ó sì tẹ̀ lé mi délé. Mo ka òkè, mo ka ìsàlẹ̀ fún ìyá àgbà.

"Maame, tena ha," ló wí fún ìyá àgbà, pé kó jókòó síbí, òun ò ní kan àpótí kankan.

Ìyá àgbà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi mọ ọ̀rọ̀ í sọ o! Ó jẹ́ kí n sá ná, kó tó pè mí padà."

Mo ti ka ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rù kọ́ni lọ́gbọ́n bíi tirẹ̀. Lóde òní, orí fóònù lẹ ti ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ka ìlà méjì, àyà yín á já, ẹ ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn. Nígbà tiwa, èmi ni mo ya ìwé. Tiyín ò ya rárá, ẹ̀yin náà lẹ kì í kà á dé ìsàlẹ̀.