Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí I fún Ṣùkúrù Ìyápọ̀?

Ṣùkúrù Ìyápọ̀ ni àkọ́bí bàbá rẹ̀ ní Kòmú. Àgbẹ̀ ni. Iṣu ló ń gbìn, ó sì ń gbin àgbàdo díẹ̀ sí i. Lọ́dún 1998, òun àti Làmídì, tí oko wọn jọ pààlà, jà nítorí ebè mẹ́rin. Ó fi ẹ̀rúkọ́ lù ú lórí. Làmídì kú ní ọjọ́ kẹta.

Nílé ẹjọ́, wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi. Ó ní, "Èmi ni mo lù ú." Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni nígbà náà.

Bó ti wà níbẹ̀, àwọn àgbà ilé ń kú. Bàbá rẹ̀ kú, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn kú lọ́dún 2019. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó, wọ́n ka ara wọn, wọ́n tún ara wọn kà. Ẹni tí ipò olórí ẹbí kàn wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n ra fìlà, wọ́n gbé e lọ bá a.

Láti ọjọ́ náà ni yàrá àlejò ọgbà ẹ̀wọ̀n ti di ọ̀ọ̀dẹ̀ agbo ilé Ìyápọ̀. Wọ́n ń gbé ìjà wá fún un parí. Wọ́n ń mú ìyàwó tuntun wá kí ó rí wọn. Ó ń pín ilẹ̀ oko lórí tábìlì.

"Ìgò omi yìí ni igi emi tó wà létí odò," á wí. "Fìlà mi ni àkùrọ̀. Ìwọ mú apá ibí, kí àbúrò rẹ mú apá ọ̀hún. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìgò náà kúrò títí ẹ óò fi gbà."

Samsudeen, wọ́dà tó máa ń dúró tì wọ́n, kì í gbé ìgò náà kúrò. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀ òun àti àna rẹ̀ wá.

Mujeebat Ọlátúnjí bá wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó wà ní ọdún kẹrin nídìí ẹ̀kọ́ òfin. Ní yunifásítì wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń gba ọ̀ràn àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére rò, tí olùkọ́ wọn á máa wo ẹ̀yìn wọn. Fáìlì Ṣùkúrù bọ́ sọ́wọ́ òun àti Peter, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fáìlì náà dára. Ẹbí Làmídì ti kọ̀wé pé àwọn forí jì í. Àwọn wọ́dà kọ̀wé pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ìwé kan ṣoṣo ló kù: fọ́ọ̀mù tí àgbà kan nínú ilé ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pé ilé yóò gbà á padà, yóò sì máa mójú tó ìwà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn àforíjì yóò jókòó. Ìgbà tí wọ́n jókòó kẹ́yìn ti pé ọdún mẹ́fà. Ṣùkúrù ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ kan kò sì ká mọ́.

"Bàbá, bí ẹ bá jáde, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Mujeebat bi í.

"Mo fẹ́ wa iṣu. Ẹyọ kan náà tó, bó bá ṣáà ti jẹ́ tèmi."

Mujeebat fi fọ́ọ̀mù rán awakọ̀ kan sí Kòmú. Lọ́jọ́ Ajé ó padà dé, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni Ṣùkúrù Ìyápọ̀. Ẹbí ti gbé e tọ olórí ẹbí lọ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, bí wọ́n ti ń gbé gbogbo nǹkan tọ̀ ọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i!" Mujeebat wí fún un lọ́gbà ẹ̀wọ̀n.

"Ṣé èmi kọ́ ni olórí ẹbí ni?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa náà."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n."

"Ta ló ní n kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n?"

"Bàbá, ẹlẹ́wọ̀n kò lè ṣe onídùúró ara rẹ̀."

Ṣùkúrù gba fọ́ọ̀mù náà, ó tún un wò. "Mo kà á dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i. Mo bi ara mi bóyá mo lè gba èèyàn báyìí sílé. Mo rò ó fún ọjọ́ kan gbáko. Mo gbà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mujeebat àti Peter wọ ọkọ̀, wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n dé Kòmú. Ìsmaheel, àbúrò tó tẹ̀ lé Ṣùkúrù, pe gbogbo ilé jọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni òun náà.

"Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí n gbọ́," ó wí.

Peter kà á: "'Èmi yóò máa mójú tó ìwà rẹ̀.'"

"Ìwà ta?"

"Ìwà Bàbá."

"Kí èmi máa mójú tó ìwà Bọ̀dá?" Ìsmaheel wo àwọn ará ilé bí ẹni pé wọ́n bú u níwájú wọn. "Lọ́yà, ṣé o ní ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní, sà," Peter wí.

"Lọ kọ irú èyí nípa rẹ̀ ná. Kí o mú un wá kí n wò ó."

"Bàbá, ìwé lásán ni," Mujeebat bẹ̀ ẹ́.

"Bó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tí wọn ò tú u sílẹ̀ láìsí i?"

Peter dábàá ìmáàmù. Fọ́ọ̀mù sọ pé ará ilé. Ó dábàá ẹ̀gbọ́n lápá ìyá. Gbogbo wọn ti kú. Mujeebat wá bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì wà nínú ilé yìí tó dàgbà ju Bàbá lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá arúgbó kan ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo.

"Ìyá ńkọ́?" Mujeebat bi wọ́n.

Ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Àdìjátù ni ìyàwó kékeré bàbá Ṣùkúrù. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni.

"Ìyàwó ilé ni wọ́n," Ìsmaheel wí. "Wọ́n bá Bọ̀dá nílé."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi jù wọ́n lọ!" Mujeebat wí.

"Wọ́n bá wọn nílé, Lọ́yà. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, àgbà rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́."

Àdìjátù mi orí. "Ọkọ mi ni. Mo pọ̀n ọ́n, mo wẹ̀ ẹ́, mo na án nígbà tó jí ẹran nínú ìkòkò. Mo máa ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà."

Ní sáà tó kọjá ni wọ́n kọ́ Mujeebat bí a ti ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Ó sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ọjọ́ wo lẹ wọlé yìí?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bí ọkọ mi gan-an ni."

"Ìgbà tí ẹ ń wọlé, ṣé wọ́n ti bí wọn?"

Àdìjátù fi ẹ̀wà sílẹ̀. "Wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó. Ìyá tó ń bu omi ti wẹ ọ̀tún tán, mo ti gbé e wọ inú ìloro. Ni ọmọ bá ké nínú ilé. Ìyá yẹn ju igbá nù, ó sáré lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó padà wá wẹ òsì. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tó sú mi, mo dá wọlé."

"Ẹsẹ̀ kan ti wọlé kí Bàbá tó ké," Peter wí.

"Ẹsẹ̀ kan kì í ṣe èèyàn," Ìsmaheel dá a lóhùn.

Wọ́n fà á títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní omi ló ń sọ obìnrin di ìyàwó. Àwọn kan ní kí wọ́n tó ka ọmọ sí ẹni tó dé, àfi kó ké. Ẹlòmíràn ní ọmọ lè ti jáde kó máa wò kí ó tó ké, Bọ̀dá pàápàá kì í tètè sọ̀rọ̀. Ní ìkẹyìn, Ìsmaheel gbọn aṣọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ju agbára wa lọ. Olórí ẹbí ló lè dá a."

Mujeebat kò bèèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo aago rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Ìsmaheel àti àwọn ará ilé gbé Àdìjátù dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Samsudeen nu bẹ́ǹṣì fún un, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ ná. Mujeebat ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùkúrù dé fìlà rẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, "omi náà, ṣé ó tutù àbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Ó tutù. Ìgbà ọyẹ́ ni."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wọlé?"

"Ọ̀tún ni, ọkọ mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí?"

Mujeebat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣùkúrù. "Bàbá, ọ̀la ni."

"Mo mọ̀ pé ọ̀la ni. Lọ́yà, wọ́n gba bàtà mi lẹ́nu géètì yìí. Oko mi di ti ẹlòmíràn. Ìyàwó mi lọ sílé ọkọ mìíràn, n kò bá a wí. Ohun kan tí wọn ò rí gbà lọ́wọ́ mi ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Òun lo wá gbà lónìí."

Wọn kò kọ́ Mujeebat ní ti èyí.

Ṣùkúrù kọjú sí àwọn ará ilé. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣàgbà mi. Èmi ni mo ṣàgbà òsì."

Peter ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mujeebat yára bèèrè, "Ọwọ́ tí wọ́n máa fi tẹ ìwé ńkọ́, Bàbá?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ń bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ."

"Bọ̀dá," Ìsmaheel wí, "ṣé ẹsẹ̀ kan ni a óò máa kí ni?"

Ṣùkúrù rò ó. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ kí gbogbo wọn. Ìyá ni àgbà."

Ó dìde láti dọ̀bálẹ̀. Orúnkún kò gbà, Peter àti Samsudeen bá a sọ ara kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí Àdìjátù ti rí i pé ó ń bọ̀ nílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Ìyá."

"Ẹ̀yin ẹ dìde, ọkọ mi."

"Ìyá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́."

"Ẹ dìde ná, kí n tó lè dìde."

Ìsmaheel kò lè dá dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Samsudeen wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá ń bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti aṣọ ìjọba. Mujeebat gbé fọ́ọ̀mù àti yíǹkì tọ Àdìjátù lọ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, akọ̀wé ìgbìmọ̀ wo àmì àtàǹpàkò náà. "Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí ẹlẹ́wọ̀n?"

"Àgbà rẹ̀ ni, sà," Mujeebat wí.

Akọ̀wé fi ìwé náà sínú fáìlì.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí géètì fún Ṣùkúrù. Ẹbí ti háyà ọkọ̀ kan, ọkọ̀ àtijọ́ tí àga kékeré kan wà nínú búùtù rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn. Gbogbo wọn ti wọlé. Àyè méjì ló kù: iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àti inú búùtù. Àdìjátù ti ń lọ sí búùtù.

"Ìyá, iwájú ni tiyín," Ṣùkúrù wí.

"Èmi kọ́, ọkọ mi."

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọlé o," awakọ̀ pariwo, "ẹnikẹ́ni nínú yín!"

Ṣùkúrù di ilẹ̀kùn iwájú mú títí Àdìjátù fi jókòó. Ó yí ẹ̀yìn ọkọ̀ po, ó sì wọ inú búùtù.

"Bọ̀dá, ẹ wá síbi tèmi," Ìsmaheel pè é.

"Jókòó. Mo ń rí nǹkan níbí."

Ọkọ̀ ṣí. Ó jókòó, ó kọjú sí géètì títí tí kò fi rí i mọ́. Láti ibẹ̀ dé Kòmú, ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá ti kọjá nǹkan ló tó ń rí i: igi ìgbá, ebè iṣu, ọkùnrin kan lórí ọ̀kadà tó ń tẹ̀ lé wọn, tó sì ń juwọ́ sí i.