Gíláàsì Ọ̀tún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tún tì mí. Èmi Moríkẹ́, Ìyá Promise, tí mò ń ta ẹja yíyan ní Ìgbókòdá, mo fi ẹnu ara mi ba iṣẹ́ ọmọlúàbí jẹ́.

Kọ́lájọ ni mò ń wí, ọkọ Bùsọ́lá àbúrò mi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn tẹ́lẹ̀ ní Aràrómi, kí òkun tó gbé ilé àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kó dé ọ̀dọ̀ wa, sánpépà nìkan ló kù nínú gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Ló bá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iwájú ilé rẹ̀ lẹ́bàá èbúté: ó ń fọ iná iwájú mọ́tò tó ti ń ṣe bàìbàì. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa kì í jẹ́ kí iná mọ́tò kankan pẹ́.

Ẹ wá wo Kọ́lájọ lẹ́nu iṣẹ́! Á fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, á fi sẹ́lótéèpù yí etí rẹ̀ ká kí ọ̀dà mọ́tò má baà ha, á wá máa fi sánpépà tútù ha á, èyí tó le ṣíwájú, èyí tó kúnná tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni á fi ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ múlọ́múlọ́ dán an, kó tó fi fáníìṣì kùn ún. Nígbà tó ṣe ti mọ́tò tí mo fi ń kó ẹja tán, mo ń rí gbogbo ihò ojú títì Òkìtìpupa lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo ro púpurú ránṣẹ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ló sọ fún mi, "omi àti ọṣẹ nìkan lẹ máa fi nù ún o. À ń pè é ní gíláàsì ni, rọ́bà ni."

Ṣé mo gbọ́? Etí mi gbọ́, orí mi ò gbà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, omi ẹja ta sí iná ọ̀tún. Ọmọ odò sì ni wá. Ẹnjìnì ọkọ̀ ojú omi, tí iyọ̀ bá ti bò ó, àkísà tí a rẹ sínú pẹtiróòlù la fi ń nù ún. Bàbá mi ló kọ́ mi. Mo bá nu ti ọ̀tún bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, ó funfun bí ojú ẹja yíyan.

Ha! Mo wa mọ́tò mi, ó di èbúté. Kọ́lájọ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mọ́tò oníbàárà kan, àwọn èrò tó ń lọ sí Ode Mahin dúró ti ọkọ̀ wọn.

"Oníjìbìtì!" ni mo ké. "Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lo ṣe fún mi? Abájọ tí òkun fi lé ọ kúrò nílé!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kọ́lájọ dìde, ó wo ti òsì tó ṣì ń dán, ó sún imú mọ́ ti ọ̀tún. Èmi ò tilẹ̀ bi ara mi pé kí ló dé tí nǹkan kan ò ṣe ti òsì. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí yanrìn. Oníbàárà náà wa mọ́tò rẹ̀ lọ tòun ti sẹ́lótéèpù lára. Fún oṣù méjì gbáko, kò sẹ́ni tó tún gbé mọ́tò wá fún un.

Ìgbà tí mò ń nu tọ́ọ̀ṣì tuntun ni ojú mi là. Àkísà pẹtiróòlù yẹn náà ni mo mú. Kí n tó nù ún tán, ojú tọ́ọ̀ṣì ti funfun. Yéè! Moríkẹ́, o gbé! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú ń tì mí lémi nìkan.

Mo lọ bá Kọ́lájọ nílé, mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Mo gbọ́ òórùn pẹtiróòlù lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àna mi lẹ jẹ́. Ṣé kí n wá pè yín ní òpùrọ́ láàárín èrò?"

Bùsọ́lá wà níbẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò wo ojú mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé mọ́tò mi lọ sí ibi tí mo ti bú u gan-an, mo kígbe pé èmi ni mo ba iná mi jẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n tún fi mí rín. "Ìyá Promise ń bo àṣírí àna rẹ̀," obìnrin kan wí. Irọ́ mi, kíá ni wọ́n gbé e mì. Òótọ́ mi há wọn lọ́fun! Inú bí mi. Mo fa àkísà pẹtiróòlù yọ, mo fi nu ti òsì lójú gbogbo wọn. Wọ́n dúró wò ó títí ó fi funfun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Kọ́lájọ gbé abọ́ omi rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀, ó ń lẹ sẹ́lótéèpù. Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í, mo bá a gbé abọ́ dání. Kò gbójú sókè.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ ti sọ ti iná. Ti òkun tí ẹ ní ó lé mi nílé ńkọ́?"

Mo rọra gbé abọ́ omi sílẹ̀ lórí yanrìn. Mo dìde, mo tún kọjú sí àwọn èrò.