Bí A Ṣe Lé Cô Jáde

Inú mi ò tíì rọ̀. Mo sọ ọ́ síwájú, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ìtàn ìlàjà ni mo fẹ́ sọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo máa ń mú ọmọ mi obìnrin lọ sí háálù kan lẹ́yìn Rye Lane, níbi tí àwa Yorùbá ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè wa. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, láti Catford wá sí Peckham, mo sì bẹ ọ̀gá mi títí kí wọ́n tó yọ Sátidé kúrò nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi. Ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, ohùn rẹ̀ á gòkè níbi tó yẹ kó wà nílẹ̀, á sì balẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè. Lọ́jọ́ kan ó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fẹ́ sọ fún wọn pé òun ti fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Ó ní, "Grandma, mo ti fọ́ gbogbo abọ́." Ìyá mi kígbe ní Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Yàrá méjì ló wà nínú háálù náà. Àwa la ń lo yàrá ńlá tó wà níwájú. Àwọn ará Vietnam ló ń lo kékeré tó wà lẹ́yìn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Cô ni àwọn ọmọ yẹn ń pè wọ́n, ohun tí wọ́n ń pe tíṣà obìnrin lédè wọn, bí ìgbà tí àwa bá ní Aunty. Èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni Cô àti ìyá wọn fi sá kúrò nílùú wọn, nígbà tí Cô ṣì kéré. Wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí bárékè sójà kan nílẹ̀ yìí kí kánsù tó fún wọn ní fúláàtì ní Peckham. Cô sọ fún mi pé inú fúláàtì yẹn ni kíláàsì náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ò lè bá àwọn ìyá wọn àgbà sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi àti Cô di ọ̀rẹ́ nítorí bọ́ọ̀dù. Mo tètè dé lọ́jọ́ kan, mo rí bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ní àmì lórí, ó ní ẹ, ó ní ọ, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ wọn. Mo rò pé ọmọ wa kan ló kọ ọ́ tó sì gbàgbé lẹ́tà díẹ̀. Mo ń gbìyànjú láti kà á bíi Yorùbá nígbà tí Cô jáde látinú yàrá wọn. Wọ́n fi ìka sí ọ̀kan, wọ́n ní, "Mẹ. Ìyá nìyẹn." Wọ́n fi sí èkejì, "Học. Kéèyàn kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn." Wọ́n wo ojú mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àṣé èdè wọn náà ń gòkè ó ń sọ̀ bíi tiwa, tó bá ti yí díẹ̀, má, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ìyá, á di ma, iwin.

Ọwọ́ ni Cô fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn. Tí ohùn bá gòkè, gbogbo ọmọ á na ọwọ́ sókè, tó bá wálẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó ṣubú sórí itan. Ọmọ mi rí wọn láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe Yorùbá nílé. Ó na ọwọ́ fún fọ́, ó gbé e dúró láàárín fún fọ. Ó ní, "Mummy, so èyí tí mo sọ fún Grandma, ọwọ́ mi wà lókè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ Cô pé kí wọ́n wá fi han tíṣà wa. Wọ́n wá lọ́pọ̀ Sátidé, tí kíláàsì tiwọn bá ti parí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní nǹkan kan ju tíì lọ. Àwọn ọmọ wa tí ìyá àti bàbá ti sọ̀rètí nù lórí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá tó ń já gaara.

Nígbà tó yá, wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan láti máa bójú tó háálù. Ó pe àwa àti àwọn Cô jọ. Ó ní àwọn fẹ́ sọ yàrá ẹ̀yìn di ibi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà á ti máa jókòó mu kọfí. Ó ní láti ìgbà náà lọ, kíláàsì èdè kan ṣoṣo ló máa kù ní Sátidé, kí ìhà kọ̀ọ̀kan wá sọ ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè bóyá tíì la fẹ́ tàbí kọfí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí mi nínú jù.

Àwa òbí ṣe mítìnnì tiwa. Bàbá kan tó ti pẹ́ ní Peckham ni alága wa. Mo dìde, mo ní kí a má bá ọmọ òyìnbó yẹn ṣe eré tó gbé kalẹ̀. Mo ní kí a lọ sọ fún un pé a ti pín yàrá ńlá láàárín ara wa, kí àwọn Cô lò ó láàárọ̀, kí àwa lò ó lọ́sàn-án.

Ẹnì kan ní bọ́ọ̀lù ni ọmọ òun ń gbá lọ́sàn-án Sátidé. Ẹlòmíràn ní ọ̀sán ni òun ń lọ sọ́jà. Alága ní, "Àwa la pọ̀ ní Peckham. Àwọn yẹn ò ju ìwọ̀nba lọ. Wọ́n lè máa ṣe tiwọn ní pálọ̀ ẹnì kan."

Mo ní, "Alága, ẹ dákun, ta ló kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohùn?"

Wọ́n ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn."

Lọ́jọ́ tí a lọ sọ tẹnu wa, Cô wọ kóòtù dúdú kan tí mi ò rí lọ́rùn wọn rí. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gba ibi ẹnikẹ́ni, ibi tí àwọn ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni àwọn fẹ́. Wọ́n jókòó.

Alága wá dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí èdè wa ṣe ń kú lẹ́nu àwọn ọmọ, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn náà wọ́n ní a ní ọ̀nà ìkọ́ni kan tí kò sí níbòmíràn, tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀, tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ohùn Yorùbá. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n jẹ́ kó ṣubú sórí itan.

Mo wo Cô. Wọ́n ń wo bàtà ara wọn.

Mi ò rántí bí mo ṣe dìde. Mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ tó ń bójú tó háálù lè gbọ́. Mo ní, "Irọ́ ni. Ìyá tó jókòó yìí ló kọ́ wa. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ wa. Tẹ́ ẹ bá lé wọn, tíṣà wa lẹ lé."

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun dúpẹ́, gbogbo ohun tí a sọ ló wúlò gan-an. Nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún wa ní háálù.

Bí a ṣe ń jáde lọ́jọ́ tí a lọ sọ tẹnu wa, Alága ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "O fi wá ṣẹ̀sín lójú òyìnbó."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Ìyàwó wọn fà mí lápá pé kí n dìde, kí n máa lọ.

Mo lọ, mi ò sì padà. Mo lọ bá pásítọ̀ ìjọ tí mò ń lọ, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ ilé ìkẹ́rù àtijọ́, tí òfìfo yàrá pọ̀ nínú rẹ̀ ní Sátidé, pé kí wọ́n fún àwọn Cô ní ọ̀kan. Pásítọ̀ bi mí bóyá àwọn ènìyàn yẹn máa ń sun tùràrí. Mo ní ABD wọn ni wọ́n fẹ́ kọ́. Wọ́n ní a ó fi sínú àdúrà. Ó ṣì wà nínú àdúrà títí di òní.

Pálọ̀ Cô ní Nunhead ni kíláàsì náà wà báyìí, gẹ́gẹ́ bí Alága ti wí. Ó fún. Àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀ ò wá mọ́, ìtìjú ń ṣe wọ́n láti jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Àwọn tó ń wá látọ̀nà jíjìn, láti Stockwell, ti jáwọ́. Èmi àti ọmọ mi máa ń lọ ní Sátidé. Tí tiwọn bá parí, Cô á ní kí ọmọ mi sọ Yorùbá fún àwọn, wọ́n á máa fi ọwọ́ tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ ohun tó ń sọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ tó ń bójú tó háálù pe Cô lórí fóònù nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún àṣà oríṣìíríṣìí. Ó bẹ Cô pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá nínú aṣọ ìbílẹ̀ wọn láti ya fọ́tò, kí wọ́n sì bá wọn din sípíríǹgì-róòlù ilẹ̀ wọn wá, ìyẹn àwọn nǹkan wíwé kéékèèké tó dùn yẹn. Ara mi gbóná débi pé mo fẹ́ gba fóònù náà.

Cô ní, "Ṣé ẹ máa fún wa ní yàrá?"

Ó ní ìyẹn ò sí lọ́wọ́ òun.

Cô ní, "Ó dáa. Oúnjẹ náà ò sí lọ́wọ́ mi." Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo gbọ́ pé àjọ̀dún náà kún. Alága wa kó àwọn ọmọ wa lọ, wọ́n to wọ́n sílà, àwọn ọmọ náà na ọwọ́ sókè fún àwọn tó ń ya fọ́tò. Ọmọ mi béèrè bóyá àwa náà á lọ. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ní Yorùbá, láìfi nǹkan kan pamọ́. Bàbá rẹ̀ ní ó ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Kò pọ̀ jù.