Ẹni Tó Dákẹ́ Nínú Agbo Ánímè

Toyibat Láoyè ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Omifunfun, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá láti Ìwó wá gba oko kòkó dá, bí wọ́n bá ń fọ́ kòkó, òun á dìde, á lọ dé etí odò, á padà, á tún lọ. Ìyá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọmọ náà kì í gbélé. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Òrè, ó gba òmìnira, ó sì dúró ti ọ̀gá rẹ̀, Àǹtí Wúlẹ̀mọ̀tù, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wa máṣíìnì, ojú rẹ̀ á wà lójú títì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú un jókòó: ánímè, àwọn eré àwòrán tí àwọn ará Japáànù ń yà. Oníbàárà kan ló fi hàn án lórí fóònù nígbà tó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀. Kò pẹ́ tí Toyibat fi ń wá òmíràn kiri, tó sì ń ka máńgà, ìyẹn ìwé alábala àwòrán tí wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ eré náà jáde. Síbẹ̀, kò ní sùúrù fún un. Á mú kí eré náà máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kó lè tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá sì parí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú nípa ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìdààmú yìí ló gbé e dé agbo kan lórí Wasáàpù tí Lọ́pẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé n'Íbàdàn, dá sílẹ̀. Àwọn ọmọ agbo náà wà n'Ílọrin, l'Ékòó, títí dé Kútọnu. Wọn ò ríra rí, àmọ́ gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí eré kan tó ń jẹ́ Atukọ̀ Inú Kùrukùru. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan, Hanae, tó ń tukọ̀ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri lójú odò tí kùrukùru kì í kúrò.

Akínṣọlá ni Toyibat máa ń bá jiyàn jù. Ọmọ Ararọ̀mí-Obu ni, àgbẹ̀ oníkòkó tó tún ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó ju Toyibat lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà Bọ̀ọ̀dá Akin ló ń pè é. Ó ti sọ fún agbo pé àfi kí òun rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí òun tó rí nẹ́tíwọ̀kì tó lè gbé eré. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, òun ló máa ń rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí. Òun ló sọ fún wọn pé okùn tó wà lọ́rùn Hanae máa ń pa àwọ̀ dà kí ẹnì kan tó kú. Toyibat padà lọ wò ó, òótọ́ ni.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Akínṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kò kọ nǹkan mọ́, ohùn ló ń fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó jiyàn lórí ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sísàlẹ̀ àwòrán, àwọn kan sì fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó fi ohùn kan ránṣẹ́: "Ẹ máa bá a lọ o. Èmi ò rò pé màá rí ìparí ẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́.

Lọ́pẹ́ ní inú ló bí i, pé yóò padà. Toyibat ò gbà. Ó gbọ́ ohùn náà ní àgbọ́túngbọ́, títí ó fi dà bíi pé ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó pè é, fóònù ò lọ. Ó gé aṣọ oníbàárà lódì. Ó ń jáde sí títì, ó ń wọlé. Nígbà tí Àǹtí Wúlẹ̀mọ̀tù rí i tó ń tú apá aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó ní kó kúkú máa lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ararọ̀mí-Obu. Ọ̀nà ti di ẹrọ̀fọ̀. Bí ọlọ́kadà bá ń ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, Toyibat á máa rin iwájú lọ, nítorí kò lè dúró. Ó ń rò ó pé bí òun bá bá àwọn èèyàn tí wọ́n kóra jọ síwájú ilé, kí ni òun máa ní òun jẹ́ sí olóògbé? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n júwe ilé fún un. Kò sí èrò níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ń sá kòkó sórí ẹní nínú oòrùn díẹ̀ tó yọ, tó ń fi èdè Ìkálẹ̀ bá adìẹ wí. Toyibat kúnlẹ̀, ó ní Bọ̀ọ̀dá Akínṣọlá ni òun ń wá. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀?"

"Kò sí o, mà. A jọ ń wo eré ni."

"Níbo lẹ ti ń wò ó?"

"Lórí fóònù ni, mà. Mi ò tíì fojú kàn wọ́n rí."

Ó jọ pé ẹ̀rín fẹ́ pa ìyá náà, ṣùgbọ́n kò rín in. Ó pe ọmọ rẹ̀.

Akínṣọlá jáde, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Toyibat kí i, ojú ọkùnrin náà sì kọjá lára rẹ̀ kó tó padà wá bà á. Ohùn Toyibat tó ti ń gbọ́ nínú agbo ni Akínṣọlá fi dá a mọ̀. Toyibat sọ ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ojú mi ni mò ń sọ," ni Akínṣọlá wí. "Mi ò fẹ́ kú. Mi ò rí ìsàlẹ̀ àwòrán mọ́ ni."

Ó ní òkùnkùn ti ń ti ẹ̀gbẹ́ ká ojú òun mọ́, ó ń bọ̀ ní àárín. Òun ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń túmọ̀ eré náà mọ́, ohùn àwọn òṣèré ni òun fi ń méfò. Ìyá rẹ̀ ń kán oògùn tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì sí i. Nígbà tó ṣi ẹsẹ̀ gbé létí odò ni fóònù rẹ̀ rì. Ó ní bí àwọn bá ti kórè kòkó tán, òun á lọ sílé ìwòsàn.

Toyibat ti dìde. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ ká dúró de kòkó. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la."

Akínṣọlá kọjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ló ń bẹ̀ ọ́ yìí. Lọ."

Bí wọ́n ṣe lọ sí Àkúrẹ́ nìyẹn. Dókítà sọ pé omi inú ẹyinjú rẹ̀ ló ń fún iṣan ojú pa. Èyí tó ti lọ ti lọ, àmọ́ oògùn kíkán lójoojúmọ́ lè dá èyí tó kù dúró, bí kò bá ti pa á jẹ. Toyibat ló ń béèrè ìbéèrè lórí ìbéèrè, títí dókítà fi bi í pé ta ló jẹ́ sí aláìsàn. Ó ní àwọn jọ wà nínú agbo kan ni.

Akínṣọlá gbà kó sọ fún agbo. Àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín bẹ̀ ẹ́. Akínṣọlá ra fóònù mìíràn, láti Sátidé tó tẹ̀ lé e sì ni Toyibat ti ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ eré náà ní Yorùbá fún un. Èyí tó kọ́kọ́ sọ ò dára, nítorí ó ti sáré wò ó. Akínṣọlá bi í pé ibo ni ẹ̀gbọ́n Hanae, tó ti wá yọjú nínú eré, ń wò nígbà tó ń purọ́. Kò mọ̀. Ó padà lọ wò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ara ń hún un bíi kó ju fóònù nù, ṣùgbọ́n ó wò ó tán. Nígbà tó yá, àwọn tí ojú wọn dá ṣáká pàápàá ń dúró gbọ́ tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Lọ́pẹ́ kéde pé àwọn tó ń ṣe eré náà ti sún apá ìkẹyìn rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀. Agbo gbóná, èébú ń fò. Toyibat ò bú ẹnikẹ́ni. Ojú Akínṣọlá ló ń rò, bí yóò ṣe kù tó nígbà náà. Ó pè é. Ìyá rẹ̀ ló gbé fóònù, ó ní ó ti lọ sóko.

"Ṣé wọ́n ti kán oògùn àárọ̀, mà?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi kán an sí i."

Toyibat dúpẹ́, ó jókòó, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò tíì di ọ̀sán tó tún fi pè.