Òrùka Ara Fìtílà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó burú nínú géèmù tí wọ́n ń pè ní Ayé Méje, kó má wulẹ̀ lọ bi àwọn tó ṣe é. Kó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, kó béèrè Alárìíwísí. Pẹ́ńtà mọ́tò ni, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti ń fín ọ̀dà sára ọkọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ géèmù náà lórí fóònù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ọmọ tó lè bí, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Orúkọ náà wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í fi pè é.

Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ó mọ ohun tó ń wí. Nípa ayé Igbó, ó ní ẹni tó kùn ún kò wọ igbó rí, pé ewé orí igi àti ewé tó ti já bọ́ sílẹ̀ kò lè ní àwọ̀ kan náà láéláé. Ayé Yìnyín lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ló ṣe é: ta ni kò lè fi funfun kun gbogbo ilẹ̀ kó sì lọ sùn? Ayé tó léfòó lójú ọ̀run, tí gbogbo ọ̀dọ́ ń pariwo rẹ̀, òun kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ sí òun létí. Níbo ni omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ti ń wá? Ta ló ru bíríkì gòkè? Ìlú Abẹ́ Ilẹ̀, tó ṣókùnkùn biribiri tó sì kún fún fìtílà, ihò eku ló ń pè é. Ayé Òkun nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní ẹni tó po búlúù tó wà níbẹ̀ mọ ọ̀dà. Bí àtúnṣe tuntun bá sì ti jáde báyìí, ẹ máa retí ohùn rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, ohùn gígùn tó ní èébú díẹ̀ nínú. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ kò mọ̀ ni pé àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló mú un wọnú géèmù náà. Ọmọ yìí rí iṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí, àyè àtiwálé kò sì sí. Kó tó lọ, ó so ẹ̀rọ géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ó kọ́ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi páàdì rìn, ó ní ibẹ̀ ni kí àwọn ti máa pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Bàbá rò pé ọmọ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ sì wá wò ó. Lórí fóònù lásán, àwọn méjèèjì kì í lọ́rọ̀ í sọ. Wọ́n á béèrè bóyá èkejì ti jẹun, ó ti jẹun, ó dáa, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi nínú Ayé Òkun, kí kálukú fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ẹnu wọn kò ní dúró mọ́. Níbẹ̀ ni bàbá ti gbọ́ pé ọ̀gá ọmọ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ nípa ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ tó tún padà lẹ́yìn rẹ̀. Àbíkẹ́yìn tó bí sínú ilé, inú òkun inú ẹ̀rọ ló ti wá mọ̀ ọ́n.

Wàhálà dé nígbà tí tíṣà obìnrin kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Búlúù ni mọ́tò náà, ẹnì kan ló kọlu ilẹ̀kùn rẹ̀. Panẹ́lì-bítà tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù na ilẹ̀kùn náà tó fi gún, Alárìíwísí sì po ọ̀dà bó ṣe máa ń pò ó, pẹ̀lú ojú lásán, nítorí ó ka ìwé àwọ̀ tí àwọn pẹ́ńtà mìíràn ń wò sí ìwé àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ délé. Ó fín in, ó gbẹ, tíṣà gbé e lọ. Nígbà tó yá, obìnrin náà padà dé. Ó fi ọ̀wọ̀ kí i, ó ní lójú òun, ilẹ̀kùn yìí kò bá ara mọ́tò mu. Alárìíwísí wo ilẹ̀kùn, ó wo ara mọ́tò, bákan náà ni wọ́n rí lójú rẹ̀. Ó ní oòrùn ló ń tan àwọn jẹ. Wọ́n ti mọ́tò sábẹ́ òrùlé, tíṣà ní ó ṣì yàtọ̀. Ó wá ní ọ̀dà ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, tíṣà sì fi mọ́tò sílẹ̀ fún un kó tún un fín.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Á ṣí agolo ọ̀dà kan, á ti igi bọ̀ ọ́, á gbé igi náà sókè sójú ìmọ́lẹ̀, á tún dé e. Á jáde síta, á wọlé. Á jókòó, ìdí rẹ̀ kò ní tíì kan àga dáadáa tí yóò tún fi dìde lọ ṣí agolo mìíràn. Panẹ́lì-bítà dá òòlù rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan, ó wo ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn pẹ́, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin lọ. Bó bá jẹ́ pé ó sọ̀rọ̀ ni, ìbá dára jù fún Alárìíwísí.

Nínú ilé náà, kò yàtọ̀. Ó pààrọ̀ gílóòbù pálọ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ra èyí tó lágbára jù ú lọ, ó sì ń tàn án lọ́sàn-án gangan. Ó sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ń fi àkísà nu ojú tẹlifíṣọ̀n náà títí ìyàwó rẹ̀ fi bi í bóyá ó fẹ́ nu àwòrán ibẹ̀ kúrò ni. Obìnrin náà ti ń wò ó tipẹ́. Ó ti rí i tó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, ó ti rí i tó ń kí àlejò kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó sọ fún un wẹ́rẹ́, kò pa á lówe, pé kó lọ fi ojú rẹ̀ han dókítà. Ọkọ rẹ̀ ní ojú pẹ́ńtà kì í ṣe ojú akọ̀wé. Ó bínú jáde. Kò pẹ́ ló wọlé, ó tún bínú jáde, bí ẹni pé ìbínú àkọ́kọ́ kò kún tó.

Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bàbá tó bí i lọ́mọ kò ríran mọ́ kó tó kú. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa béèrè ẹni tó ń kọjá, òun ni ọmọ tó sì máa ń dá a lóhùn. Ojú lọba ara. Ọba yìí ti fẹ́ fi ìlú sílẹ̀, Alárìíwísí mọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kéde rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tó ṣe géèmù ló kó gbogbo ẹ̀bi náà lé lórí. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé wọ́n ti ba Ayé Òkun jẹ́, wọ́n ti po amọ̀ mọ́ omi, búlúù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú bí aṣọ tó gba ìpẹtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì pé òkun wà bó ṣe wà. Alárìíwísí bú u pé ẹnu ló fi ń wo nǹkan. Àmọ́ ohun tó ya gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́nu ni èyí tó tẹ̀ lé e: ọkùnrin tí kì í yin nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yin ihò eku. Ó ní àwọn tó ṣe Ìlú Abẹ́ Ilẹ̀ ti ronú pìwà dà. Ó ní wọ́n ti fi òrùka yí gbogbo fìtílà ká, òrùka tó funfun nínú tó sì pọ́n létí, pé láti ìgbà tí òun ti ń gbá géèmù yìí, òun kò rí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì mọ àwa ọmọ aráyé: àwọn mélòó kan nínú ẹgbẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ti rí i, ó dára gan-an.

Ọmọ rẹ̀, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́, gbọ́ ohùn náà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, kò jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ó mú bàbá rẹ̀ gba inú ihò lọ tààrà sí Ìlú Abẹ́ Ilẹ̀. Wọ́n dúró lábẹ́ fìtílà ńlá tó wà lórí afárá, ọmọ nínú fìlà pupa tó máa ń dé, bàbá pẹ̀lú idà tí kì í yọ. Ọmọ ní kó fi òrùka náà han òun.

Inú bàbá dùn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ta ọjà, ó sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ó sọ bó ṣe ń ràn díẹ̀díẹ̀. Ọmọ béèrè bóyá iná pálọ̀ wà ní títàn. Bàbá ní ó wà ní títàn.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo gílóòbù yín."

Ó gbójú sókè. Òrùka náà wà níbẹ̀, ó funfun nínú, ó pọ́n létí.

Ó gbé páàdì sílẹ̀. Ó dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà, ó tún rìn dé ibẹ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin onídà dúró gbagidi, fìlà pupa náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó jókòó padà, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá òun nìkan ló ń rí i.

"Kò sí òrùka kankan lára fìtílà yìí, Bàámi. Kò sí i rí. Òkun náà wà bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀."

Alárìíwísí, tó máa ń rí èsì fún gbogbo ayé, fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ nípa ilẹ̀kùn mọ́tò tíṣà. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí panẹ́lì-bítà ti wo òun tí kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Bí mo bá lọ bá àwọn dókítà, tí wọ́n ní n má wo nǹkan yìí mọ́ ńkọ́? Tàbí tí ojú ọ̀hún bá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ pátápátá? Níbo ni èmi pẹ̀lú ẹ á ti máa pàdé?"

Bàbá gbọ́ tí ọmọ ń fa imú. Ọmọ ní òun á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, òun ń bọ̀ wálé.

Ó sì wá. Kó tó dé, bàbá rẹ̀ ti gbé mọ́tò tíṣà lọ fún pẹ́ńtà mìíràn fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tún ilẹ̀kùn náà fín, ìyẹn sì dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Dókítà tan iná sí i lójú, ó ní nǹkan funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì bí awọ, pé wọ́n á yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti apá ọ̀tún ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe. Alárìíwísí bi í léèrè bóyá òun á tún lè po ọ̀dà. Dókítà ní òun rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí, àfi tí àwọn bá yọ ọ́ tán tí àwọn rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Ìyàwó lọ ra omi. Ó ku bàbá àti ọmọ, èjìká kan èjìká. Bàbá béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó ti jẹun. Ó dáa. Bàbá dìde lọ wo bébà kan lára ògiri, kò rí i kà, ó padà wá jókòó, ó ń fi èékánná họ ọ̀dà etí bẹ́ǹṣì. Ọmọ rọra di ọwọ́ náà mú. Ó bi í pé nínú àwọn ayé tí àwọn ti rìn, èwo ni ibí yìí jọ.

Bàbá ronú sí i gan-an. Ó ní ògiri ibẹ̀ kò ní àwọ̀ kan pàtó, òórùn ibẹ̀ kò dára, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló dà bí ìkùukùu. Ó ní nínú gbogbo ibi tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ dé, ibí ló burú jù. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí ibi tí ẹ̀rín náà ti wá, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, kò rí ju ojú kan tó ṣú fẹ́ẹ́ lọ. Fìlà pupa inú géèmù náà, ó mọ gbogbo ìrísí ojú rẹ̀. Ti ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí, kò mọ̀ bóyá ó rù tàbí ó sanra.

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.

"Tí wọ́n bá ṣe é tán tí wọ́n fẹ́ ṣí ojú mi, má jìnnà," ó wí. "Jókòó síbi tí iná wà. Ojú ẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."